Bí o ṣe máa dáhùn igbe "How's that?" láìṣègbè: ìtọ́sọ́nà fún ọ́ńpáyà tuntun ní Iléṣà

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀wù funfun lé lọ́wọ́ pé kí o wá ṣe ọ́ńpáyà kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ ni mo kọ èyí fún. Ohun tí mo ti fojú rí lórí pápá Iléṣà níbí àti ní Ifẹ̀ ni pé àìmọ òfin kọ́ ló sábà ń kó bá àwọn adájọ́ wa. Wọ́n mọ òfin. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbà tí ọmọ mọ́kànlá figbe ta pé "How's that?", ìyẹn ni pé wọ́n ń béèrè bóyá ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti jáde, àti ìgbà tí ìka ọ́ńpáyà máa gòkè láti lé e jáde. Ibẹ̀ ni ojora ti ń mú èèyàn. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ló ju bọ́ọ̀lù, tàbí pé olórí ilé ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ ìbòòji tó ń wòran. Ìka á ti gòkè tán kí ọkàn tó mọ̀.

Ayò 2 péré ni àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọdún 19 fi na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Malaysia lóṣù Kínní ọdún 2025: 65 sí 63. Nínú eré tó há báyẹn, ìdájọ́ kan tó ṣìnà tó láti yí gbogbo rẹ̀ padà. Bí eré àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú, àfi pé kò sí tẹlifíṣọ̀n tí a fi máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú rẹ ni tẹlifíṣọ̀n.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú: bowler ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, batter ni ẹni tó ń fi pákó tí a ń pè ní bat gbá a, igi ni mo ń pe àwọn ọ̀pá mẹ́ta tí bowler ń fojú sùn, ayò ni àmì tí batter ń sá jẹ, over sì ni bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí bowler kan jù tẹ̀léra.

Ohun tí o nílò

- Ẹnì kejì rẹ. Ọ́ńpáyà méjì ni òfin ní kó wà, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní láti yá ọ̀kan lára ọmọ ikọ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lò, kí balógun ikọ̀ méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.
- Ìwé òfin MCC, ẹgbẹ́ tó ń kọ òfin kíríkẹ́ẹ̀tì ní London, òfin 42 ni gbogbo rẹ̀, lórí fóònù rẹ, pẹ̀lú òfin ìdíje tí ẹ fẹ́ gbá. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀ síra, ti ìdíje ni kí o tẹ̀ lé.
- Ọmọ ayò mẹ́fà, irú èyí tí a fi ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Kó wọn sí àpò ọ̀tún, kí o máa mú ọ̀kan sí àpò òsì bí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan bá ti kọjá. Mo ti lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka bọ́ọ̀lù rí, iyanrìn wọ inú rẹ̀ ó sì há. Ọmọ ayò kì í há.
- Aago ọwọ́, téèpù ìwọnlẹ̀, jọ́tà kékeré, bírò méjì, fìlà tó bo ojú, omi tí o gbé wá láti ilé rẹ.
- Bọ́ọ̀lù àpòjù méjì tó ti gbó díẹ̀. Bí ti orí pápá bá sọ nù sínú igbó, èyí tó gbó bíi tirẹ̀ ni kí o fi rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe tuntun.

Ìpele 1: Kí o tó kúrò nílé

Iléṣà kò tóbi débi tí o ò ní mọ ẹnikẹ́ni. Bí o bá rìn láti Ìsokùn dé ọjà Àtàkúnmọ́sà, mélòó lo máa kí lọ́nà? Nítorí náà, má ṣe dúró dìgbà tí ẹnìkan máa pariwo látẹ̀yìn pé "Àbúrò ìyàwó ọ́ńpáyà mà ni!" Ìwọ ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pe ẹni tó ṣètò ìdíje, sọ ìbátan tó wà fún un: ọmọ rẹ, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ àtijọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí ìwọ alára ti jáde. Bó bá jẹ́ ọmọ bíbí rẹ tàbí ẹni tí o ń sanwó ilé ìwé fún, yọ ara rẹ kúrò. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ kí balógun ikọ̀ méjèèjì gbọ́ ọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàtakò ṣe é nígbà yẹn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe ni owó ọkọ̀. Olùkọ́ kan á pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí wọ ọ̀kadà." Inú rere ló fi ṣe é, mi ò sọ pé ó fẹ́ rà ọ́. Ṣùgbọ́n ikọ̀ kejì rí ọwọ́ tó nà, wọn ò gbọ́ ohun tó sọ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, má sì gbà á. Ọwọ́ àwọn tó ṣètò ìdíje ni owó ọ́ńpáyà ti gbọ́dọ̀ wá, iye kan náà fún ìwọ àti ẹnì kejì rẹ. Bí ìyá ọmọ kan bá gbé iyán wá, jẹ ẹ́ níbi tí ikọ̀ méjèèjì ti jọ ń jẹun, tàbí kí o ní ó di ẹ̀yìn eré. Ní ti tẹ́tẹ́, kò sí àbùjá kankan: òfin ICC, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ kò gbà kí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí eré kíríkẹ́ẹ̀tì kankan, ọ́ńpáyà sì wà nínú wọn. Kódà bó jẹ́ eré ọmọ ilé ìwé lo ń dá lẹ́jọ́, fi ìyẹn ṣe òfin fún ara rẹ.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé o lè dúró níwájú balógun ikọ̀ méjèèjì, kí o ka gbogbo ohun tí o gbà lọ́jọ́ náà àti gbogbo ẹni tó bá ọ tan, láìsí èyí tí o máa rẹ ohùn sílẹ̀ sọ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa lọ sí pápá.

Ìpele 2: Dé pápá ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú

Òfin kejì ló sọ bẹ́ẹ̀, àkókò náà kò sì pọ̀ jù. Ìwọ àti ẹnì kejì rẹ, ẹ jọ rìn yí pápá ká. Ẹ na téèpù: mítà 20.12 ni láti igi dé igi. Gíga igi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 71.1, fífẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ jẹ́ 22.86. Ìlà tí batter gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.22 síwájú igi. Lórí àwọn pápá wa, eérú ni àwọn ọmọ fi ń fa ìlà nígbà mìíràn, ó sì máa ń wọ́. Ìlà tó wọ́ ni àtakò no-ball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí bowler jù lọ́nà tí òfin kò gbà, ti máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Tún un fà.

Lẹ́yìn náà, pe balógun ikọ̀ méjèèjì, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fẹnu kò lórí àkókò, ìsinmi, bọ́ọ̀lù tí ẹ máa lò, àti ibi tí ààlà pápá wà. Níbí ni igi máńgòrò ti ń wọ̀rọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá kan ẹ̀ka tó yọ sínú pápá ńkọ́? Bó bá kó sí gọ́tà ńkọ́? Bí ewúrẹ́ bá dúró sójú ọ̀nà rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, kọ ọ́ sínú jọ́tà. Kọ́ìnì ò gbọdọ̀ fò ju ìṣẹ́jú 30 lọ ṣáájú eré, kò sì gbọdọ̀ ku ìṣẹ́jú tó kéré sí 15 kó tó fò.

Ìkìlọ̀: má bá balógun kan sọ̀rọ̀ lóun nìkan, bó ti wù kó mọ ọ́ tó. Bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè òfin, sọ fún un pé, "Ó dáa, jẹ́ ká pe ẹnì kejì rẹ," kí o wá dáhùn níwájú àwọn méjèèjì.

Yẹ̀ ẹ́ wò: bi ọ̀kan léèrè, "Kí la sọ nípa ẹ̀ka máńgòrò yẹn?" Kí o wá bi èkejì. Bí ìdáhùn wọn bá bára mu, ẹ ju kọ́ìnì.

Ìpele 3: Àwọn akọ̀wé ayò

Ọwọ́ lo fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn akọ̀wé, kò sì gbà ju kí o dúró títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Apá kan tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni no-ball, apá méjèèjì ni wide, bọ́ọ̀lù tó jìnnà jù sí batter. Kí o fi ọwọ́ kan eékún tí o gbé sókè ni leg bye, ayò tí wọ́n jẹ nígbà tí bọ́ọ̀lù kan ara batter tí kò kan bat; ọwọ́ tó là sókè lórí ni bye, ayò tí wọ́n jẹ nígbà tí bọ́ọ̀lù kò kan bat, tí kò sì kan ara. Apá tí o ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún tó wá parí sí àyà ni ayò 4, apá méjèèjì lókè orí ni ayò 6. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣì wà nínú eré, no-ball, wide, dead ball (pé bọ́ọ̀lù ti kú, eré dúró) àti ìka nìkan ni kí o fi hàn. Èyí tó kù di ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kú, kí o sì tún no-ball, wide àti dead ball ṣe fún àwọn akọ̀wé nígbà náà. Má ṣe jẹ́ kí bowler bẹ̀rẹ̀ sí í sáré títí akọ̀wé fi gbọ́wọ́ sókè fún àmì kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé wọn bá bá ara wọn mu lẹ́yìn over márùn-ún, iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa.

Ìpele 4: Nígbà tí igbe bá ta

Ibí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Rọra kà á.

Àkọ́kọ́, rí i dájú pé wọ́n béèrè. Òfin 31 sọ ọ́ gbangba: bí ẹni tó ń ṣọ́ pápá kò bá béèrè, ọ́ńpáyà kò gbọdọ̀ lé batter jáde, kódà bó bá rí i kedere pé ó yẹ kó jáde. Àtẹ́wọ́ kì í ṣe ìbéèrè. Fífò sókè fún ayọ̀ kì í ṣe ìbéèrè. "How's that?" ni ìbéèrè, ó sì kó gbogbo ọ̀nà tí batter lè gbà jáde mọ́ra, wọn ò ní láti sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Àkókò tí wọ́n ní yóò dópin nígbà tí bowler bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fún bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e.

Èkejì, ta ló ni ìdáhùn? Bó bá jẹ́ stumping (ẹni tó wà lẹ́yìn igi wó igi nígbà tí batter ti jáde kúrò nínú ìlà rẹ̀), tàbí pé batter fúnra rẹ̀ wó igi rẹ̀, tàbí run out (wọ́n wó igi kí batter tó sá dé ìlà) níbi igi tí batter ń gbèjà, ọ́ńpáyà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ batter ló ni í. Gbogbo èyí tó kù jẹ́ ti ẹni tó wà níbi tí bowler ti ń jù ú. Má dáhùn ti ẹnì kejì rẹ. Má sì ju tìrẹ sí i lọ́wọ́ nítorí pé ẹ̀rù bà ọ́. Àfi bó bá lè jẹ́ pé ó rí ohun tí ìwọ kò rí, irú bíi bóyá bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó mú un: rìn lọ bá a, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín ara yín, kí ìwọ sì sọ ìdájọ́ náà fúnra rẹ.

Ẹ̀kẹta, gbé ojú kúrò lára àwọn tó ń ké. Wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Tún bọ́ọ̀lù náà jù lọ́kàn rẹ láti ọwọ́ bowler wá. Bó bá jẹ́ LBW, ìyẹn pé ẹsẹ̀ batter ló dí bọ́ọ̀lù lọ́nà kó má baà kan igi, béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ara rẹ, bí wọ́n ṣe tò yìí gan-an:

1. Ṣé no-ball ni? Ṣé apá kan ẹsẹ̀ iwájú bowler balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, kódà bó jẹ́ pé gìgísẹ̀ wà lókè? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, no-ball ni: Not out (kò jáde).
2. Ṣé bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ balẹ̀ síta igi ní apá leg, ìyẹn apá tí batter kọ ẹ̀yìn sí? Bẹ́ẹ̀ ni: Not out, ó parí.
3. Ṣé bat ló kọ́kọ́ kàn? Bẹ́ẹ̀ ni: Not out.
4. Níbo ló ti bá ẹsẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ìlà igi sí igi. Bó bá jẹ́ síta ní apá kejì, tí a ń pè ní off, Not out ni, àfi bí batter kò bá gbìyànjú láti gbá a rárá.
5. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ṣé ì bá kan igi?

Ọ̀pọ̀ ọ́ńpáyà tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè karùn-ún. Wọ́n á rí ẹsẹ̀ níwájú igi, ó ti tán. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ìbéèrè kejì nìkan á gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀kẹrin, bí iyèméjì bá kù, ti batter ni. Sọ "Not out" sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Bó bá jẹ́ òun ló jáde, gbé ìka kan sókè lókè orí rẹ, kí o mú un dúró díẹ̀. Kò sí àlàyé lórí pápá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rín.

Àwa Ìjẹ̀ṣà la ni oṣómàáló. A mọ ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè tó ní òun ò ní dìde àfi bí òun bá gbowó òun. Bowler kan máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. Á lóṣòó síwájú rẹ, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á máa wò ọ́ lójú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbe e lẹ́yìn. Bí àwọn baba wa ṣe gbowó aṣọ wọn nìyẹn, gbèsè náà sì wà lóòótọ́. O kò jẹ bowler ní gbèsè kankan. O ti dáhùn. Mú ọmọ ayò kan sí àpò òsì, kí o padà sí ipò rẹ.

Mo fẹ́ kí o mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo wọ ẹ̀wù yìí, nígbà ọyẹ́, ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo dá lẹ́jọ́. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlá lọ ń gbá. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ "pọ́!", ẹni tó wà lẹ́yìn igi hán an, gbogbo wọn fò sókè pé bat ọmọ náà ló kàn án kí wọ́n tó hán an. Ìka mi gòkè. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó fi bat sí abẹ́ apá, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi bó ti ń jáde lọ, nígbà tó sì kọjá, mo rí ìdí bat yẹn. Erùpẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀tun, ó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ló gbá. Kò kan bọ́ọ̀lù rárá. Mo lè pè é padà nígbà yẹn, òfin gbà á. Ojú tì mí, nítorí pé àwọn olùkọ́ ń wò mí. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi, kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ títí eré fi parí, bí ẹni tó ṣì ń retí pé wọ́n á pe òun.

Láti ọjọ́ yẹn, ìró nìkan ò tó fún mi. Ìró pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó yí ọ̀nà padà lójú mi, tàbí ìró ní àkókò gan-an tí bọ́ọ̀lù ń kọjá lára bat, tí bat sì jìnnà sí ilẹ̀ àti sí ẹsẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, Not out.

Yẹ̀ ẹ́ wò: bí over bá parí, bi ara rẹ pé, "Kí ni mo rí?" Bí ìdáhùn rẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo rí i tí...", o ṣe é dáadáa. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Gbogbo wọn ní..." tàbí "Ó jọ pé...", padà sí ẹ̀kẹta lókè yìí kó tó di pé igbe mìíràn ta.

Ìpele 5: Bí o bá ṣì í ṣe

Òfin kejì gbà ọ́ láyè láti yí ìdájọ́ padà, bí o bá ṣe é kíákíá. Sọ fún batter pé kó dúró, fi ọwọ́ méjèèjì kan èjìká rẹ, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún, kí àwọn akọ̀wé mọ̀ pé o ti mú àmì tó kọjá kúrò, kí o sì fi èyí tó tọ̀nà hàn. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ìtìjú yẹn kéré sí èyí tí mo ń gbé kiri.

Bó bá ti pẹ́, fi í sílẹ̀. Ohun tó burú jù tí o lè ṣe lẹ́yìn náà ni kí o fẹ́ fi àṣìṣe kejì san ti àkọ́kọ́. O ti rẹ́ ikọ̀ kan jẹ ní àárọ̀, o wá ní kí o gbà á padà fún wọn ní ọ̀sán. Ọmọ tí o lé jáde ní ọ̀sán kò jẹ nínú ti àárọ̀.

Ohun mìíràn tó ń da àwọn ènìyàn láàmú ni ìgbà tí ìbéèrè bá bófin mu ṣùgbọ́n tí kò dùn mọ́ni. Non-striker, ìyẹn batter kejì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, bá tètè jáde kúrò nínú ìlà rẹ̀ kí bowler tó ju bọ́ọ̀lù, tí bowler wó igi: run out ni, abẹ́ òfin 38 ló sì wà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Lọ́dún 2023 nínú World Cup ní Delhi, Shakib Al Hasan ti Bangladesh béèrè pé Angelo Mathews ti Sri Lanka pẹ́ jù kó tó múra tán láti gbá, àwọn ọ́ńpáyà sì lé e jáde. Gbogbo ayé bínú. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè, òfin sì wà, àwọn ọ́ńpáyà dáhùn. Balógun ikọ̀ ni yóò pinnu bóyá ìbéèrè yẹn yẹ òun. Bó bá fẹ́ fà á sẹ́yìn, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ọ́ńpáyà, kí bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e tó wọ inú eré. Lọ́dún 2011 ní Trent Bridge, Mahendra Singh Dhoni, balógun India, fa ìbéèrè tí wọ́n béèrè lórí Ian Bell ti England sẹ́yìn nígbà ìsinmi tíì, Bell sì padà wá gbá. Ìwọ ò gbọdọ̀ fi ojú tàbí ọ̀rọ̀ bẹ balógun pé kó fà á sẹ́yìn. Dáhùn ohun tó bi ọ́, kí o dúró.

Ìpele 6: Nígbà tí ẹléré bá hùwà àìtọ́

Balógun ikọ̀ ni òfin fi ìwà àwọn ọmọ rẹ̀ sí lọ́rùn. Nítorí náà, òun ni kí o máa bá sọ̀rọ̀, má bá ọmọ fa ọ̀rọ̀. Òfin 42 pín àìdáa sí ìpele mẹ́rin:

- Ìpele kìíní: kíké ju bó ti yẹ lọ, fífi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tako ìdájọ́, èébú, fífi ìbínú ba irinṣẹ́ jẹ́. Ìkìlọ̀ ni tàkọ́kọ́, ó sì kan gbogbo ikọ̀ náà títí eré á fi parí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá tún ṣe é, ayò 5 fún ikọ̀ kejì.
- Ìpele kejì: àtakò tó le, fífi ara gbún ẹléré mìíràn mọ̀ọ́mọ̀, jíju bọ́ọ̀lù lu ènìyàn lọ́nà tó léwu, èébú tó le. Ayò 5 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
- Ìpele kẹta: dídẹ́rù ba ọ́ńpáyà, tàbí híhalẹ̀ pé òun á lu ẹléré. Ayò 5, kí ọmọ náà sì jáde fún ìdá kan nínú márùn-ún over tí wọ́n yàn fún ikọ̀. Bó jẹ́ over 20, over 4 nìyẹn.
- Ìpele kẹrin: híhalẹ̀ mọ́ ọ́ńpáyà pé òun á lù ú, fífọwọ́ kan ọ́ńpáyà pẹ̀lú ìbínú, tàbí ìjà. Ayò 5, kò sì tún gbọdọ̀ padà wọ eré náà.

Bí o ṣe máa ṣe é: dá eré dúró. Pe ẹnì kejì rẹ, ẹ fẹnu kò lórí ìpele tó jẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ pe balógun ikọ̀ ẹni náà. Sọ ohun tí ọmọ náà ṣe, ìpele rẹ̀, àti ìyà rẹ̀, ní gbólóhùn mẹ́ta. Ẹ sọ fún àwọn akọ̀wé. Kọ àkókò àti ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ gan-an sínú jọ́tà, kì í ṣe ohun tí o rò pé ó ní lọ́kàn.

Níbí ni àwa fúnra wa ti ní ìṣòro tí ìwé òfin kò kọ. Ọmọ náà á dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí, iṣẹ́ èṣù ni." Olùkọ́ rẹ̀ á wọlé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ni, ẹ fojú fò ó." Ọkàn ẹ̀dá á fẹ́ gbà. Dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní kó dìde, sọ fún un pé o ti dárí jì í, kí ìyà náà sì dúró. Ìdáríjì jẹ́ láàárín ìwọ àti òun. Ayò 5 jẹ́ ti ikọ̀ kejì, kì í ṣe tìrẹ tí o lè fi tọrẹ.

Bí òbí tàbí òǹwòran bá sáré wọ pápá, má dá a lóhùn rárá. Dá eré dúró, kí o pe àwọn tó ṣètò ìdíje láti mú un jáde.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé balógun tí o bá wí lè sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì? Ṣé ohùn rẹ kò ga ju tirẹ̀ lọ?

Ìpele 7: Òjò àti ìmọ́lẹ̀

Ìwọ àti ẹnì kejì rẹ nìkan lẹ ni ìpinnu yìí. Ikọ̀ tó ń borí á ní òkùnkùn ti ṣú, èyí tó ń pàdánù á ní ọ̀sán gangan ni. Má wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí bọ́ọ̀lù ò bá yọ mọ́ láti ọwọ́ bowler, tàbí tí ẹsẹ̀ bowler ń yọ̀ níbi tó ti ń balẹ̀, ẹ kó wọn jáde. Bí ààrá bá sán, kò sí ìjíròrò: gbogbo ènìyàn kúrò lórí pápá, kí wọ́n má sì sá sábẹ́ máńgòrò.

Ìpele 8: Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ìkẹyìn

Lọ sọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé kí o tó bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ ka ayò pa pọ̀, títí kan èyí tó jẹ́ ìtanràn, kí o tó kéde ẹni tó borí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti jó tán kí wọ́n tó rí i pé ayò 5 kò wọ ìwé.

Bí ẹnikẹ́ni bá hùwà àìtọ́, kọ ìròyìn rẹ̀ fún àwọn tó ni ìdíje lọ́jọ́ náà gan-an, ìwọ àti ẹnì kejì rẹ ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu mọ́. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ LBW yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́, wọ́n á dárúkọ rẹ, wọ́n á ní kí o wá ṣàlàyé. Má ṣàlàyé, má sì gbè sẹ́yìn ẹni tó ń yìn ọ́. Bí balógun kan bá wá bá ọ lójúkojú tó fẹ́ kọ́ òfin, ìyẹn yàtọ̀, ṣí ìwé fún un. Bí ọmọ kan bá wà tí o mọ̀ pé o ṣẹ̀, lọ bá a níbi tó jókòó sí, sọ fún un pé, "Mo ṣì í ṣe." Èmi ò ṣe é lọ́jọ́ yẹn.

Nílé, kí o tó wẹ̀, kọ ìlà mẹ́ta sínú jọ́tà: ìdájọ́ tó le jù, ohun tí o rí, ibi tí o dúró nígbà tí o rí i. Bọ́ ẹ̀wù náà, tú àpò méjèèjì, kí o ka ọmọ ayò. Bí wọ́n bá pé mẹ́fà, dá wọn padà sí àpò ọ̀tún fún Sátidé tó ń bọ̀.